Kí Ni Ó Fà Á Tí Owó Lọ́fínńdà Fi Jìnnà Síra Wọn?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí ó dá òdòdó tí ó sì fi òórùn dídùn sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Lọ́fínńdà kì í ṣe ohun àjèjì láàrin àwa Mùsùlùmí. Ìwẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kò pé lójú ọ̀pọ̀ nínú wa bí a kò bá fi lọ́fínńdà kún un. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ọdún Iléyá, yìgì àti ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn ni ó ní òórùn tiwọn. Ẹni tí ó bá lọ sí Mẹ́kà, tí kò mú ìgò kékeré kan bọ̀ fún àwọn ará ilé, àlàyé rẹ̀ yóò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó máa ń wáyé lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, níbi tí àwọn olùtajà máa ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n á to ìgò wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀. Ìgò méjì lè wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe déédéé, tí àwọ̀ òróró inú wọn jọra, tí wọ́n sì kọ "Oud" sí ara méjèèjì. Síbẹ̀, owó ọ̀kan lè ra ogún nínú èkejì. Bí oníbàárà bá gbọ́ owó èyí tí ó wọ́n, a ní, "Ẹ fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni." Bí ó bá gbọ́ owó èyí tí ó pọ̀, a ní, "Ayédèrú ni." Ìdájọ́ méjèèjì ni ó yá jù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lọ́dún yìí, kí ẹni tí ó ń rà lè mọ ohun tí ó ń sanwó fún, kí ẹni tí ó ń tà nínú wa sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ fún oníbàárà rẹ̀.

ẸRÙ MẸ́RIN TÍ OWÓ LỌ́FÍNŃDÀ Ń RÙ

Ẹrù mẹ́rin ni ó wà nínú owó ìgò lọ́fínńdà kan. Èkínní ni irú òróró tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni bí òróró náà ṣe pọ̀ tó nínú ìgò. Ẹ̀kẹta ni ìgò, orúkọ àti ìpolówó. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ wa. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni imú lè gbọ́ òórùn wọn. Méjì yòókù, àpò wa nìkan ni ó ń gbọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÒDÒDÓ: IṢẸ́ ŃLÁ, ÒRÓRÓ KÉKERÉ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó róòsì, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní "ward". Irú èyí tí wọ́n ń lò jù fún lọ́fínńdà ni èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Damasku pè. Wọ́n ń gbìn ín ní àfonífojì Kazanlak ní ilẹ̀ Bùlùgáríà, ní Isparta ní ilẹ̀ Tọ́kì, àti lórí òkè Taif ní ilẹ̀ Saudi Arabia, níbi tí kò jìnnà sí Mẹ́kà. Ní Bùlùgáríà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni àkókò ìkórè rẹ̀ láàrin ọdún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, ìdájí sì ni wọ́n ń já a, nítorí pé bí oòrùn bá ti mú, òróró inú òdòdó a bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ òróró náà? Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí mọ̀ pé oruku tí ó ń gòkè láti inú ìkòkò a máa di omi sára ọmọrí. Ọgbọ́n kan náà ni. Wọ́n á kó òdòdó àti omi sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á se é, oruku á gba inú ọ̀pá kọjá, wọn á fi omi tútù mú ọ̀pá náà tutù, oruku á sì padà di omi. Òróró inú rẹ̀ a léfòó sórí omi, wọn a sì rọra gbọ́n ọ́n kúrò.

Ó máa ń tó 3,000 sí 4,000 kílò òdòdó kí wọ́n tó rí òróró kílò kan ṣoṣo. Ẹ ro iye ọwọ́ tí ó já a, iye iná tí ó sè é, àti iye ilẹ̀ tí ó hù ú. Ẹni tí ó bá wá ń ta ojúlówó òróró róòsì ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó yẹ kí á bi í léèrè ibi tí òun ti rí òdòdó tirẹ̀ já.

Òdòdó jasmine, tí Lárúbáwá ń pè ní "yāsamīn", tún le ju ìyẹn lọ. Ní agbègbè Gharbia ní ilẹ̀ Íjíbítì, òru ni àwọn ará oko máa ń jáde lọ já a, kí ilẹ̀ tó mọ́. Òdòdó náà kéré, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń tó 8,000 nínú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó pé kílò kan. Kò sì ṣe é sè bíi ti róòsì, nítorí pé ooru a máa ba òórùn rẹ̀ jẹ́. Kẹ́míkà kan tí ó ń fà òróró jáde ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọn a jẹ́ kí kẹ́míkà náà fò lọ.

Ojú ọjọ́ pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìjì líle kan tí wọ́n pè ní Enawo jà ní erékùṣù Madagascar, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú fàǹílà àgbáyé ti ń wá. Ọjà fàǹílà ti gbówó lórí ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjì yìí, owó kílò kan kọjá 500 dọ́là. Ẹni tí ó ń po lọ́fínńdà kò yí ohun kankan padà nínú ìpòpọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó ń ná ti yàtọ̀.

ÚÙDÙ: ÀÌSÀN IGI TÍ Ó DI ỌRỌ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi olóòórùn dídùn kan ni úùdù, tí ó kàn ń hù nínú igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní Aquilaria ni, ó sì ń hù ní Assam ní ilẹ̀ Íńdíà, ní Cambodia, Vietnam, Malaysia, Indonesia àti àyíká wọn. Nígbà tí ara igi yìí bá dá ṣáṣá, igi lásán ni: ó funfun, ó fúyẹ́, kò sì ní òórùn kan tí a lè tà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ọgbẹ́, tí èbu kan sì gba ojú ọgbẹ́ náà wọ inú rẹ̀, igi náà a máa sun oje láti fi gbèjà ara rẹ̀. Oje yìí ni ó máa ń sọ inú igi di dúdú, tí ó máa ń mú un wúwo, tí ó sì máa ń fún un ní òórùn tí àwọn ọba fi ń sanwó gọbọi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí máa ń gbà.

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó ń ṣe àìsàn yìí. Àwọn tí wọ́n ń wá a nínú igbó kò sì lè fi gbogbo ìgbà dá èyí tí ó ní mọ̀ láti ìta, nítorí náà wọ́n gé ọ̀pọ̀ igi lulẹ̀ lásán, títí ó fi fẹ́ẹ̀ tán. Ní ọdún 1995, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ń tán lọ, tí wọ́n ń pè ní CITES, fi Aquilaria malaccensis sí ara àwọn tí a kò gbọdọ̀ tà kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2004, wọ́n fi gbogbo ìdílé Aquilaria kún un. Lóde òní, àwọn àgbẹ̀ ń gbin igi náà, wọ́n ń dá a lu, wọ́n sì ń fi èbu sí i lọ́wọ́. Èyí mú kí úùdù oko pọ̀ sí i, kí ó sì dínwó ju úùdù inú igbó lọ. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ rí úùdù tòótọ́ méjì, owó wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ bákan náà: ọ̀kan lè jẹ́ ti inú igbó tí ó ti pẹ́, kí èkejì jẹ́ ti oko tí kò tíì gbó.

MÍSÍKÌ: ORÚKỌ TÍ Ó KÙ, ẸRANKO TÍ Ó SÁ LỌ

Láyé àtijọ́, ara akọ ẹranko kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, tí ó ń gbé lórí àwọn òkè Himalaya, ní Tibet àti títí dé Siberia, ni wọ́n ti ń rí mísíkì. Àpò kékeré kan ni ó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 25 ni ohun tí ó wà nínú àpò kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, akọ ẹranko 40 ni yóò kú kí mísíkì tó pé kílò kan, láì ka àwọn abo àti ọmọ tí pàńpẹ́ bá mú lásán. Òfin CITES ti ká ọwọ́ òwò yìí kò.

Kí wá ni mísíkì funfun tí a ń rà ní owó pọ́ọ́kú lójoojúmọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Albert Baur ń wá ohun ìjà abúgbàù ní ọdún 1888, ni ó bá ṣe kòǹgẹ́ kẹ́míkà kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti mísíkì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ nílé iṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fojú kéré èyí. Òun ni ó jẹ́ kí tálákà lè fín ohun tí ó jẹ́ ti ọba nìkan tẹ́lẹ̀, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ẹranko náà ṣẹ́kù láyé. Olùtajà tí ó bá ní, "Mísíkì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ni," òdodo ni ó sọ, ọjà rẹ̀ sì dára. Èyí tí ó bá ń búra pé láti ara ẹranko ni, tí ó sì ń tà á ní owó búrẹ́dì, kò sí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lè jẹ́ òótọ́.

ÌMỌ̀ KẸ́MÍKÀ KÌ Í ṢE ÈTÀN

Wíwá ohun tí ó lè rọ́pò òróró olówó ńlá kì í ṣe ọgbọ́n àwọn òyìnbó òde òní nìkan. Al-Kindi, ọ̀jọ̀gbọ́n Lárúbáwá tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 873, kọ odidi ìwé kan lórí lọ́fínńdà àti bí a ṣe ń sè é. Ìpòpọ̀ inú ìwé náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ́ni nínú rẹ̀ bí a ṣe lè fi àwọn nǹkan tí kò wọ́n po ohun tí yóò jọ àwọn èyí tí ó wọ́n gógó.

Ní ọdún 1868, William Perkin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe coumarin, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti koríko gbígbẹ, láìlo ewéko. Ní ọdún 1874, àwọn ará Jámánì méjì, Tiemann àti Haarmann, ṣe òórùn fàǹílà láti ara igi páìnì. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Òróró róòsì, bí àpẹẹrẹ, ní ohun tí ó ju 300 lọ nínú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń gbé òórùn tí imú wa mọ̀ sí róòsì dání. Ilé iṣẹ́ lè ṣe àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ní owó tí kò tó nǹkan. Ohun tí yóò jáde yóò jọ róòsì, ṣùgbọ́n kò ní jinlẹ̀ tó ojúlówó, bí ìgbà tí ènìyàn bá mọ ohùn orin kan ṣùgbọ́n tí kò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn lọ́fínńdà olówó ńlá kò ní kẹ́míkà nínú. Chanel No. 5, tí Ernest Beaux pò ní ọdún 1921, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù láyé. Róòsì àti jasmine láti ìlú Grasse ní ilẹ̀ Faransé wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní aldehyde náà wà níbẹ̀, òun gan-an sì ni ó mú òórùn rẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ìyàtọ̀ owó kì í ṣe láàrin "ti Ọlọ́hun" àti "ti kẹ́míkà" nìkan. Kẹ́míkà kan wà tí ó wọ́n ju òróró igi mìíràn lọ.

ÒṢÙWỌ̀N: MÉLÒÓ NI ÒRÓRÓ, MÉLÒÓ NI OMI?

Ẹrù kejì ni bí òróró ṣe pọ̀ tó. Lọ́fínńdà tí a ń fọ́n sára kì í ṣe òróró pọ́ńbélé. Sípíríìtì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ bóyá Mùsùlùmí lè lo èyí tí ó ní sípíríìtì, àwọn onímímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kì í ṣe òun ni a gbé dání níhìn-ín.) Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ni ó ń fi bí òróró inú rẹ̀ ṣe tó hàn, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. "Eau de cologne" máa ń ní nǹkan bíi 2 sí 5 nínú 100. "Eau de toilette" máa ń ní nǹkan bíi 5 sí 15. "Eau de parfum" máa ń ní nǹkan bíi 15 sí 20. Èyí tí wọ́n bá kọ "parfum" tàbí "extrait" sí lára máa ń ní 20 lọ sókè.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìgò ńlá kan gba mìlílítà 100, cologne ni, òróró inú rẹ̀ sì jẹ́ 4 nínú 100. Mìlílítà 4 ni òróró tí a rà. Ìgò kékeré kan gba mìlílítà 50 péré, òróró inú rẹ̀ sì jẹ́ 20 nínú 100. Mìlílítà 10 ni òróró tí a rà. Ìgò tí ó kéré ní ìlọ́po méjì àbọ̀ òróró tí ó wà nínú ìgò ńlá. Ẹni tí ó bá fi ojú wo títóbi ìgò nìkan ti ra omi.

Òróró tí kò ní sípíríìtì, èyí tí a mọ̀ jù láàrin àwa Mùsùlùmí, ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní ọjà Lárúbáwá àti Íńdíà, "tólà" ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tólà kan jẹ́ gíráàmù 11 àti díẹ̀, nínú ìgò ó jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 12. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìgò wẹ́wẹ́ fi máa ń jẹ́ mìlílítà 3, 6 tàbí 12: ìdá mẹ́rin tólà, ìlàjì tólà àti odidi tólà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níhìn-ín pẹ̀lú. Àwọn òróró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí wọ́n fi ń bu lọ́fínńdà là. Bí ẹni kan bá fi ìlàjì òróró àti ìlàjì àbùlà kún tólà kan, mìlílítà 6 ni ó tà fún wa, bí ìgò tilẹ̀ kún dé ẹnu.

ÌGÒ, ORÚKỌ ÀTI ÌPOLÓWÓ

Ẹrù kẹta kò sí nínú òróró rárá. Ìgò tí wọ́n gbẹ́ bíi dáyámọ́ǹdì, páálí tí wọ́n fi wúrà kọ, ẹni gbajúmọ̀ tí ó dúró fún àwòrán, ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n, owó ilé ìtajà ńlá tí wọ́n tò ó sí, gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà ń san. Àwa kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ fi lọ́fínńdà ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ lè fẹ́ kí ìgò rẹ̀ rẹwà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó mọ̀ pé ìgò ni òun rà mọ́ ọn.

Òdìkejì èyí ni Bint el Sudan, tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1920 fún ọjà Khartoum ní ilẹ̀ Sudan. Kò ní sípíríìtì, ìgò rẹ̀ kéré, àwòrán ara rẹ̀ kò yí padà bọ̀rọ̀, ó sì tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò tí ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń pò ó ní Kánò. Lọ́fínńdà tí kò náwó lórí ìgò, tí ó sì wà nítòsí ẹni tí ń rà á, lè dínwó láìjẹ́ ayédèrú.

Ọ̀NÀ JÍJÌN ÀTI OWÓ NÁÍRÀ

Ẹrù kẹrin ni ọ̀nà. Òróró tí wọ́n fà ní Íńdíà lè dé Dubai, kí ó ti Dubai dé Èkó tàbí Kánò, kí ó tó dé Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Ìwó. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bà á ni ó ń fi èrè tirẹ̀ lé e. Owó òkèèrè sì ni wọ́n fi ń rà á. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 470 ni dọ́là kan ní báńkì. Lẹ́yìn tí ìjọba tú owó náírà sílẹ̀ fún ọjà, ó ti lé ní 1,500 nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ. Ẹni tí ó ra ọjà rẹ̀ ṣáájú àti ẹni tí ó rà á lẹ́yìn lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú òróró kan náà, kí owó wọn má ṣe pàdé. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́ni jẹ.

ÀFARAWÉ, AYÉDÈRÚ ÀTI ÀBÙLÀ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyàtọ̀ sí ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀.

Àfarawé ni kí ènìyàn po òróró tí ó jọ ti ilé iṣẹ́ olókìkí kan, kí ó sì sọ pé àfarawé ni. Ẹ̀rọ wà lóde òní tí ó lè ya ohun inú lọ́fínńdà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí yóò sì fi iye ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, nítorí náà kò ṣòro púpọ̀ láti po ohun tí ó sún mọ́ ọn. Bóyá òórùn ní olóhun lábẹ́ òfin, àwọn ilé ẹjọ́ kò fẹnu kò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé sọ pé òórùn lọ́fínńdà kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Netherlands sọ pé ó lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ayédèrú ni kí ènìyàn kọ orúkọ ẹlòmíràn sára ìgò tirẹ̀. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú: irọ́ ni, olè sì ni.

Àbùlà ni kí ènìyàn bu ohun tí ó rọjú mọ́ èyí tí ó wọ́n, kí ó sì ta gbogbo rẹ̀ ní orúkọ èyí tí ó wọ́n. Àrùn àtijọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bu òróró geranium àti òróró koríko palmarosa mọ́ òróró róòsì, nítorí pé òórùn wọn sún mọ́ra. Imú lásán kò lè mú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ oníbàárà bá parí sí, àmánà olùtajà nìkan ni ó kù.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ilé-kéwú wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta lọ́fínńdà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ọmọ kéwú ni wọ́n, òwò náà ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) nígbà tí ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ní ọjà, tí ó bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì bi ẹni tí ń tà á léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí ó má ta oúnjẹ tí òjò pa. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí oníbàárà rí ohun tí ó ń rà. Ẹ̀kọ́ náà bá lọ́fínńdà mu wẹ́kú. Ọjà tí ó pọ̀ kò burú, ọjà tí a bù là kò burú bí a bá sọ ọ́. Orúkọ tí kì í ṣe ti ohun inú ìgò ni ó burú.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ń RÀ ÀTI ẸNI TÍ Ń TÀ

Ẹni tí ó fẹ́ rà, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n bù ú là? Mìlílítà mélòó ni? Kí ó fi iye mìlílítà pín owó kí ó tó fi ìgò kan wé èkejì.

Kí ó má ṣe rà á lórí òórùn àkọ́kọ́. Àwọn òórùn bíi ti ọsàn àti òroǹbó ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde, wọn kì í sì í pẹ́ lọ. Kí ó fi díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, kí ó rìn yí ọjà ká, kí ó padà wá gbọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Ohun tí ó bá kù lára nígbà náà ni ó ń rà. Kí ó má sì ṣe gbà pé èyí tí ó pẹ́ lára ni ojúlówó, nítorí pé kẹ́míkà mìíràn wà tí ó ń pẹ́ ju òdòdó lọ fíìfíì. Bí ó bá ti dùn mọ́ ọn nínú, tí kò pa á lára, tí owó rẹ̀ sì ká a, kò sí ìtìjú nínú lọ́fínńdà tí kò wọ́n. Ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí orúkọ ara ìgò ni kí ó tún inú rò.

Ẹni tí ó ń tà, kí ó kọ ọ́ sára ìgò tàbí kí ó fi ẹnu sọ ọ́: "Ti ilé iṣẹ́ ni èyí," "Mo bu èyí là," "Àfarawé ni èyí." Oníbàárà kan lè kọjá lọ lónìí nítorí òótọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dúró yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn wá. Àwọn àgbà ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú òwò lọ́fínńdà, kì í tilẹ̀ í tó ogún ọdún. Ó máa ń jẹ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òwò wa mọ́, kí Ó fi àlùbáríkà sí èyí tí a rà àti èyí tí a tà, kí Ó sì jẹ́ kí òórùn ìwà wa dùn ju ti aṣọ wa lọ. Àmín.